Bí ẹ ṣe lè wọ ojúbọ Ṣíńtò ní Japan: ìtọ́sọ́nà fún arìnrìn-àjò

Nǹkan bí 80,000 ojúbọ Ṣíńtò, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Japan, ló wà lórílẹ̀-èdè náà. Jinja ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Òmíràn há sáàárín ilé alájà gogoro ní Tokyo, kò ju yàrá kan lọ. Òmíràn gba odidi òkè. Kami ni orúkọ àwọn tí wọ́n ń bọ níbẹ̀: kami oòrùn wà, ti ìrẹsì wà, ti òkè àti ti òkun wà, àwọn èèyàn ńlá tó ti kú náà sì lè di kami. Kò sẹ́ni tó ń bi àlejò ní ẹ̀sìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í sì í gba owó ìwọlé. Bóyá torí pé ó rọrùn láti wọlé ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ṣe máa ń já wọ ibẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì jáde láìmọ ibi tí wọ́n wọ̀. Lójú tèmi, ojúbọ kan ṣoṣo tí ẹ fara balẹ̀ wọ̀ sàn ju mẹ́wàá tí ẹ sáré kọjá nínú rẹ̀ lọ. Ilé onílé ni, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ síbí, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìgbà tí ẹ ó jáde.

Kí ẹ tó gbéra

Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Japan kó tó rin ìrìn àjò yìí. Ẹni tó ní ti Britain tàbí ti Amẹ́ríkà kò nílò físà fún àbẹ̀wò ráńpẹ́. Ẹ yanjú ìyẹn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ wá owó onírin sápò: 5 yen, 10 yen, 50 yen, 100 yen. Ẹ ó nílò rẹ̀ níwájú àpótí ọrẹ, ẹ ó sì tún nílò rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan, torí pé ọ̀pọ̀ ojúbọ kì í gba káàdì. Owó 5 yen, èyí tó ní ihò láàárín, ni àwọn ará Japan fẹ́ràn jù láti fi ṣe ọrẹ, wọ́n gbà pé ó ń fa àjọṣe rere wá. Tí gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ yín bá jẹ́ ti bébà, ẹ fi ra omi tàbí ìpápánu ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n lè fún yín ní ṣéńjì.

Ẹ mú aṣọ ìnujú kékeré dání. Wọn kì í gbé táwẹ̀lì síbi omi ìwẹ̀nùmọ́, ọwọ́ yín á sì tutù rinrin. Kò sí òfin lórí irú aṣọ tí ẹ ó wọ̀, àmọ́ ẹ wọ ohun tí ẹ lè wọ̀ lọ kí àgbàlagbà nílé rẹ̀. Bàtà tó bá yín lẹ́sẹ̀ ṣe pàtàkì, torí òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí ojú ọ̀nà nínú ọ̀pọ̀ ojúbọ ńlá. Ẹ kò ní bọ́ bàtà àyàfi tí ẹ bá wọ inú ilé fúnra rẹ̀, èyí tí àlejò kì í sábà ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé ìrìn àjò kì í mẹ́nu bà. Nínú Ṣíńtò, ikú jẹ́ ohun tí wọ́n máa ń jìnnà sí, ẹni tí èèyàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kì í sì í wọ ojúbọ fún nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́. Kò sẹ́ni tó máa béèrè lọ́wọ́ àlejò, ṣùgbọ́n tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ṣé Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí lè wọ ibẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn wa, ó sì tọ́ kí a dáhùn rẹ̀ láìfi bọpo bọyọ̀. Ẹ lè wọlé. Ẹ lè rìn láàárín igbó, ẹ wo ilé, ẹ wo àwọn èèyàn, ẹ sì padà láìtẹrí ba fún ohunkóhun. Kò sẹ́ni tó máa fipá mú yín ṣe ọrẹ. Tí ẹ̀rí ọkàn yín kò bá gbà yín láyè láti gbàdúrà níbẹ̀, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ gbàdúrà ríbi kọjá. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni máa pàtẹ́wọ́ kó sì máa tẹrí ba fún eré, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè fi fóònù gbà á sílẹ̀. Ẹ ṣe é tọkàntọkàn, tàbí kí ẹ má ṣe é rárá. Ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún.

Ibo ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ?

Tó bá jẹ́ Tokyo ni ẹ wọ̀, ẹ lọ sí Meiji Jingu. Ibùdókọ̀ ojú irin Harajuku ni ẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà nítòsí ibẹ̀ gan-an. Ọdún 1920 ni wọ́n ṣí i ní ìrántí Ọba Meiji àti aya rẹ̀ Shōken. Bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì jó àwọn ilé rẹ̀ ní 1945, wọ́n sì tún un kọ́ parí ní 1958. Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni igbó. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á rò pé igbó àdáyébá ni, bẹ́ẹ̀ èèyàn ló gbìn ín: nǹkan bí 100,000 igi ni àwọn ará Japan kó wá láti gbogbo ìpínlẹ̀ láti fi ta ojúbọ náà lọ́rẹ, àwọn onímọ̀ sì ṣètò rẹ̀ kí ó lè máa dàgbà fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tún un gbìn. Tí ẹ bá dé ibẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó rí àwọn tó ń fi ìgbálẹ̀ fífẹ̀ gbá ewé tó já sójú ọ̀nà. Wọn kì í dáná sun ewé náà, wọn kì í sì í kó o dà nù. Wọ́n á gbá a padà sínú igbó, kó lè jẹrà di oúnjẹ fún àwọn igi tó ti já.

Ẹ má ṣe da ojúbọ Ṣíńtò pọ̀ mọ́ tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú méjèèjì yàtọ̀ síra. Ní Asakusa, ní Tokyo, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni méjèèjì wà: Senso-ji jẹ́ tẹ́ńpìlì, Asakusa Jinja tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ ojúbọ. Ní tẹ́ńpìlì, tùràrí wà, wọn kì í sì í pàtẹ́wọ́ tí wọ́n bá ń gbàdúrà. Ní ojúbọ, wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́. Tí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ẹ wà nínú rẹ̀, ẹ wo ẹnu ọ̀nà: tí torii, ẹnu ọ̀nà olópòó méjì, bá wà níbẹ̀, ojúbọ ló sábà máa ń jẹ́.

Lẹ́nu ọ̀nà

Torii ni òpó méjì tí wọ́n fi igi méjì dábùú lórí. Kò ní ilẹ̀kùn. Ó kàn ń sọ pé ibi tí ẹ ti ń bọ̀ yàtọ̀ sí ibi tí ẹ fẹ́ wọ̀ ni. Torii ńlá Meiji Jingu ga tó mítà 12, igi ni wọ́n fi ṣe é látòkè délẹ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹrí ba níwọ̀nba. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn gba ẹ̀gbẹ́, ẹ má gba àárín gbùngbùn, torí àárín ọ̀nà jẹ́ ti kami. Àwọn tó ń gbé àdúgbò máa ń ṣe èyí láìronú sí i. Ẹ dúró sí itòsí torii kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ ó rí ọkùnrin tó wọ kóòtù, tó gbé báàgì kọ́pá, tó dúró gan-an, tó tẹrí ba sójúbọ láti ìta, tó sì tún ń sáré lọ bá ọkọ̀ ojú irin rẹ̀.

Tí torii bá tún wà níwájú, ẹ tún tẹrí ba. Lójú ọ̀nà, ẹ ó rí ẹranko òkúta méjì tó dojú kọra. Ó lè jẹ́ komainu, tó jọ kìnnìún tó jọ ajá, ọ̀kan la ẹnu, èkejì pa ẹnu dé. Níbi tí wọ́n bá ti ń bọ Inari, kami ìrẹsì àti òwò, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni ẹ ó rí. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa: òmíràn gé kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu, òmíràn gé ìtí ìrẹsì. Wọn kì í gun àwọn ère wọ̀nyí, wọn kì í sì í jókòó lé wọn.

Ẹ ó tún rí okùn koríko tí wọ́n lọ́ nípọn, tí bébà funfun tí wọ́n ká ní wọ́gọwọ̀gọ ń rọ̀ lára rẹ̀. Shimenawa ni. Ẹni tó bá ti rí màrìwò lẹ́nu igbó òrìṣà nílé mọ iṣẹ́ tó ń ṣe kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Nígbà míì ara igi àgbà ni wọ́n so ó mọ́. Ẹ má fọwọ́ kan igi náà, ẹ má sì kọjá okùn.

Níbi omi

Kí ẹ tó dé iwájú gbọ̀ngàn, ẹ ó rí ibi kan tí wọ́n fi òrùlé bò, tí omi ń ṣàn nínú àwo òkúta, tí àwọn ṣíbí onígi tó ní ìdìmú gígùn wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ ara mọ́. Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé:

1. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mú ṣíbí, ẹ bu omi kún un. Omi ẹ̀ẹ̀kan yìí ni ẹ ó lò dé ìparí, torí náà ẹ fi ọgbọ́n dà á.
2. Ẹ da díẹ̀ sí ọwọ́ òsì.
3. Ẹ gbé ṣíbí sí ọwọ́ òsì, ẹ da díẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún.
4. Ẹ gbé e padà sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ da omi sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, ẹ fi ṣan ẹnu. Ẹ tu ú jẹ́jẹ́ sílẹ̀ níbi tí omi ń ṣàn gbà lọ, kì í ṣe sínú àwo. Ṣíbí kò gbọdọ̀ kan ẹnu.
5. Ẹ tún da díẹ̀ sí ọwọ́ òsì tí ẹ fi kan ẹnu.
6. Ẹ gbé ṣíbí nàró lóòró kí omi tó ṣẹ́ kù lè ṣàn wálẹ̀ gba ara ìdìmú, kí ẹ sì dojú rẹ̀ délẹ̀ síbi tí ẹ ti mú un.

Ìkẹfà yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ibi tí ọwọ́ yín ti kàn ni ẹ ń fọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Àlejò tó bá ṣe é láìsí pé wọ́n sọ fún un máa ń rí ẹ̀rín músẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà tó wà nítòsí.

Láti ìgbà àrùn kòrónà ní 2020, ọ̀pọ̀ ojúbọ ti kó ṣíbí kúrò, ọparun tí omi ń jáde lára rẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò. Níbẹ̀, ẹ kàn fọ ọwọ́ òsì, lẹ́yìn náà ọ̀tún, kí ẹ sì ṣan ẹnu tó bá wù yín. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣan ẹnu lè fi omi kan ètè. Ẹ má mu omi náà.

Níwájú gbọ̀ngàn

Ilé méjì ló sábà máa ń wà. Haiden ni gbọ̀ngàn tó wà níwájú, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń gbàdúrà. Honden ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ibùgbé kami fúnra rẹ̀, àlejò kì í sì í wọ ibẹ̀.

Tí èèyàn bá pọ̀, ẹ tò sẹ́yìn wọn. Tó bá kàn yín, ẹ ṣí fìlà. Ẹ ju owó sínú àpótí jẹ́jẹ́. Iye tó bá wù yín ló pé, 5 yen kò kéré. Tí agogo bá wà tí okùn ń rọ̀ lára rẹ̀, ẹ mì ín lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà náà:

Ẹ tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, kí ó jinlẹ̀ débi tí ẹ̀yìn yín á fi tẹ́. Ẹ nàró, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè àyà, ẹ fa ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ pa ọwọ́ pọ̀, ẹ gbàdúrà nínú. Àwọn ará Japan sábà máa ń sọ orúkọ wọn àti ibi tí wọ́n ń gbé kí wọ́n tó dúpẹ́ tàbí kí wọ́n tó tọrọ nǹkan. Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀, ẹ tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan: ó wọ́pọ̀ kárí Japan. Àwọn tó yàtọ̀ kò pọ̀. Ní Izumo Taisha, ní ìwọ̀ oòrùn, àti ní Usa Jingu, ní erékùṣù Kyushu, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Tí ẹ bá gbàgbé, ẹ wo ẹni tó wà níwájú yín.

Lẹ́yìn àdúrà

Àdúrà ló yẹ kó ṣáájú ìtajà. Ẹ má kọ́kọ́ lọ sídìí ohun tí wọ́n ń tà.

Omikuji ni bébà tó ń sọ bí ọjọ́ iwájú ṣe máa rí. Ẹ ó san nǹkan bí 100 sí 200 yen, ẹ ó mi àpótí títí ọ̀pá tínrín kan á fi yọ jáde, nọ́ńbà tó wà lára ọ̀pá náà ni wọ́n á fi fún yín ní bébà. Tí kò bá dáa, ẹ so ó mọ́ okùn tàbí wáyà tí wọ́n ti ta síbẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ti Meiji Jingu kì í sọ ire tàbí ibi: ewì tí Ọba Meiji tàbí aya rẹ̀ kọ ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì ní ti èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àlejò.

Ema ni pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kọ àdúrà sí, tí wọ́n á sì gbé kọ́ síbẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, onírúurú èdè ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ń wo ti ẹlòmíì, ẹ má sún fóònù mọ́ ọn láti yà á. Ọ̀rọ̀ àìsàn, ọ̀rọ̀ ọmọ, orúkọ àti àdírẹ́sì èèyàn ló wà lára rẹ̀.

Omamori ni àpò aṣọ kékeré fún ààbò: ti ìdánwò wà, ti awakọ̀ wà, ti ìbímọ wẹ́rẹ́ wà. Wọn kì í tú u wo. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n máa ń dá a padà sí ojúbọ tí wọ́n ti gbà á.

Tí ẹ bá fẹ́ ohun ìrántí kan ṣoṣo, goshuin, òǹtẹ̀ ojúbọ, ni mo máa ní kí ẹ gbà. Ẹ ra ìwé rẹ̀, goshuincho, ní ojúbọ. Ẹ ṣí ojú ìwé tó ṣófo, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ẹni tó jókòó síbẹ̀, ó máa tẹ òǹtẹ̀ pupa, á sì fi gègé onírun àti yíǹkì dúdú kọ orúkọ ojúbọ àti déètì lé e lórí. Nǹkan bí 500 yen ni. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó ń kọ ọ́, ẹ má sì gbé ìwé ìkọ̀wé lásán fún un.

Fọ́tò

Ẹ lè ya ọgbà, igi àti torii. Ẹ má ya inú gbọ̀ngàn tàbí ètò ìsìn tó ń lọ lọ́wọ́, ẹ sì wo àmì tó bá ní kí ẹ má ya fọ́tò. Ní Meiji Jingu, ẹ lè pàdé ìyàwó àti ọkọ tó ń gba àgbàlá kọjá tẹ̀lé àwọn àlùfáà, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ yà fún wọn. Ẹ má sáré síwájú wọn. Ní ti àwọn tó ń rọ̀ mọ́ torii láti ya fídíò, ìwà tó ń dun àwọn onílé gan-an ni.

Fushimi Inari, ní Kyoto

Èyí ni òkè tí torii pupa tò sí lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, tí gbogbo ayé ti rí àwòrán rẹ̀. Ọdún 711 ni wọ́n gbà pé ó bẹ̀rẹ̀. Láti ibùdókọ̀ Kyoto, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin JR Nara, ẹ sọ̀ ní ibùdó Inari. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ má wọ èyí tó ń sáré jù, torí kì í dúró níbẹ̀. Wọn kì í tì í tọ̀sán tòru, wọn kì í sì í gba owó ìwọlé.

Ẹ dé ibẹ̀ kí aago méje tó lù. Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ kò ní gbèrò mọ́ láàárín àwọn torii ìsàlẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ńlá tí ẹ ó kọ́kọ́ rí, Toyotomi Hideyoshi, olórí ogun tó ń ṣàkóso Japan nígbà náà, ló kọ́ ọ ní 1589. Ẹ gbàdúrà ní gbọ̀ngàn kí ẹ tó máa gòkè.

Tí ẹ bá ti wọ àárín àwọn torii, ẹ yíjú padà wo ẹ̀yìn yín. Iwájú wọn kò ní ìkọ̀wé púpọ̀, àmọ́ lẹ́yìn òpó kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà dúdú ló kún ara rẹ̀: apá kan jẹ́ orúkọ ẹni tàbí iléeṣẹ́ tó fi í ta Inari lọ́rẹ, apá kejì jẹ́ déètì. Oníṣòwò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ ó rí èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán, ẹ ó sì rí èyí tí igi rẹ̀ ti ń jẹrà nísàlẹ̀.

Òkè náà ga tó mítà 233. Àlọ àti àbọ̀ gba wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń padà ní ìdajì ọ̀nà, ní oríta Yotsutsuji tí ẹ ti lè wo Kyoto látòkè. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè dúró níbẹ̀ láìpàdánù ohun tó pọ̀. Àtẹ̀gùn ni gbogbo ìyókù. Ẹ mú omi dání.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ sí Ise

Ise Jingu ni wọ́n kà sí àgbà gbogbo ojúbọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ Amaterasu, kami oòrùn. Ogún ọdún ogún ọdún ni wọ́n ń kọ́ àwọn ilé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, tí wọ́n á sì wá wó ti àtijọ́. Ti 2013 ló kẹ́yìn, 2033 ló kàn. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Geku, ojúbọ ti òde, kí ẹ tó lọ sí Naiku, ti inú. Ní Geku, apá òsì ni wọ́n ń rìn gbà. Ní Naiku, apá ọ̀tún. Ní Naiku, ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ sétí odò Isuzu láti fọ ọwọ́. Wọn kì í ta omikuji níbẹ̀. Tí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn òkúta tó lọ sí ojúbọ àgbà, ẹ gbé fóònù sápò, fọ́tò parí síbẹ̀.

Ní ti àkókò: Meiji Jingu máa ń ṣí nígbà tí oòrùn bá yọ, ó sì máa ń tì nígbà tó bá wọ̀, torí náà àkókò rẹ̀ ń yí padà lóṣooṣù. Láti ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹta oṣù Ṣẹ́rẹ́, gbogbo Japan ló ń lọ sí ojúbọ, èrò tó ń wọ Meiji Jingu nìkan sì ń tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Tí ẹ kò bá fẹ́ tò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ yan ọjọ́ míì. Níbikíbi tí ẹ bá sì lọ, ibi tí wọ́n ti ń kọ goshuin àti ibi tí wọ́n ti ń ta omamori sábà máa ń tì láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kódà tí ọgbà bá ṣì wà ní ṣíṣí.